Kóòdù tí a ṣí sílẹ̀: bí ẹ ṣe máa gbé e jáde ní Àjàṣẹ́ kí wọ́n lè fi ṣe ohun tuntun ní Kétu àti Ṣàbẹ́

Ẹ mú ìwé Yorùbá kan tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn àgbà ní Kétu. Èdè kan náà ni, ojú ìwé ni kò jọra. Ohun tí ti Ìbàdàn kọ ní ẹ, ọ, ṣ àti p, ti Benin á kọ ọ́ ní ɛ, ɔ, sh àti kp, nítorí ábídí àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin tó jáde ní 1975, tí wọ́n sì tún yẹ̀ wò lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ń tẹ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́ mọ ohun tí à ń sọ. Àtẹ bọ́tìnì tí wọ́n ṣe fún Yorùbá Nàìjíríà kì í sábà ní ɛ. AZERTY, àtẹ bọ́tìnì Faransé tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wa, kò ní ɛ, kò sì ní ẹ. Ẹni tó jókòó sí Èkó tó ń kọ ètò kò ṣẹ̀ wá. Kò sí bó ṣe lè mọ gbogbo ohun tí ẹni tó wà ní Ṣàbẹ́ máa nílò.

Bí ó bá ti kóòdù rẹ̀ pa, ìyẹn àwọn àṣẹ tó fi kọ ètò náà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Bí ó bá ṣí i sílẹ̀, ẹni Ṣàbẹ́ lè fọwọ́ ara rẹ̀ fi ohun tó kù kún un. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé kóòdù tí a ṣí sílẹ̀ ń bí ohun tuntun, ohun tó wà nídìí rẹ̀ nìyẹn: ẹni tí ìṣòro ń dà láàmú gan-an ló ní àyè láti tún un ṣe. Àyè yẹn kì í sì í wá lófìfo. Kóòdù pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò lè lò, torí pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ fi àwọn iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ láìṣe. Àwọn iṣẹ́ kékeré náà la fẹ́ tò síhìn-ín, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí àlejò ti ń dá iṣẹ́ padà fún yín.

Ẹ̀kọ́ tó wà lára èdè Họ́ngárì

Nígbà tí OpenOffice, ètò tí a fi ń kọ ìwé lórí kọ̀ǹpútà, ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, MySpell tí Kevin Hendricks kọ ló ń bá a yẹ ọ̀rọ̀ wò bóyá wọ́n kọ ọ́ dáadáa. MySpell tó fún èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n èdè Họ́ngárì a máa to àfòmọ́ lé àfòmọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gùn bí odidi gbólóhùn, MySpell kò sì lè kápá rẹ̀. László Németh tó jẹ́ ọmọ Họ́ngárì kò ní láti dúró de ẹnikẹ́ni: ìwé àṣẹ tó wà lára MySpell ti fún un láyè. Ó mú kóòdù náà, ó fi ohun tí èdè rẹ̀ nílò kún un, orúkọ rẹ̀ sì di Hunspell. Lónìí, Hunspell ni LibreOffice, Firefox àti Chrome fi ń yẹ ọ̀rọ̀ wò ní ọ̀pọ̀ èdè. Ohun tí ẹnì kan ṣe torí èdè tirẹ̀ ló di ohun tí gbogbo ayé ń lò.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí bí a bá dé ìparí, a ó padà sọ́dọ̀ Hunspell.

Ètò kékeré tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

Ètò náà ń gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ bíi ti Nàìjíríà, ó ń dá a padà bíi ti Benin. Python, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, la fi kọ ọ́. Ẹ ṣe fódà kan, ẹ pè é ní abidi, kí ẹ sì kọ èyí sínú fáìlì tí ẹ ó pè ní abidi.py:

```
import unicodedata

IYIPADA = [
    ("\u1eb9", "ɛ"), ("\u1eb8", "Ɛ"),
    ("\u1ecd", "ɔ"), ("\u1ecc", "Ɔ"),
    ("\u1e63", "sh"), ("\u1e62", "Sh"),
    ("p", "kp"), ("P", "Kp"),
]

def si_benin(oro):
    oro = unicodedata.normalize("NFC", oro)
    for atijo, tuntun in IYIPADA:
        oro = oro.replace(atijo, tuntun)
    return oro
```

Ìlà tó ní NFC yẹn ni ẹ̀mí ètò yìí. Ẹ wo lẹ́tà yìí: ẹ́. Lójú ènìyàn, lẹ́tà kan ni. Nínú kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ ẹ tí àmì ohùn tẹ̀ lé. Ó lè jẹ́ e lásán, tí ẹ fi àmì ìsàlẹ̀ sí, kí ẹ tó wá fi àmì ohùn sí i. Ó sì lè jẹ́ é bíi ti Faransé tí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé. Ẹni tó fi AZERTY tẹ̀ ẹ́ á sábà ṣe ti ẹ̀kẹta, torí é ti wà lórí àtẹ rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà lórí ìwé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kò ní rí méjì tó kù. NFC ló ń sọ wọ́n di ìrísí kan ṣoṣo: U+1EB9 (ẹ), lẹ́yìn náà U+0301 (àmì ohùn òkè). Bí ẹ bá yọ ìlà náà kúrò, ètò á ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà yín, á sì dàrú lórí ti ẹlòmíràn, ẹ kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Torí èyí kan náà la ṣe kọ \u1eb9 dípò ẹ fúnra rẹ̀ nínú àtẹ: ohun tí a fi ń kọ kóòdù mìíràn lè fi ẹ pamọ́ ní ìrísí tí a kò retí.

Fáìlì kejì ni idanwo.py. Má ṣe fojú kéré rẹ̀. Òun ló máa jẹ́ kí àlejò láyà láti fọwọ́ kan iṣẹ́ yín láìbẹ̀rù pé òun máa bà á jẹ́.

```
from abidi import si_benin

ORO = [
    ("ọpẹ́", "ɔkpɛ́"),
    ("Ṣàbẹ́", "Shàbɛ́"),
    ("ẹṣin", "ɛshin"),
    ("pẹ̀lẹ́", "kpɛ̀lɛ́"),
]
for nij, ben in ORO:
    assert si_benin(nij) == ben, nij
```

Ẹ tẹ `python3 idanwo.py`. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ó yege. Bí ó bá ké AssertionError, ọ̀rọ̀ tó kù díẹ̀ káàtó á hàn nísàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dà bí ẹni pé ó tọ̀nà lójú yín, ọ̀rọ̀ tó wà lápá ọ̀tún nínú ORO ni ẹ kọ́kọ́ fura sí: ó ṣeé ṣe kí à inú Shàbɛ́ jẹ́ lẹ́tà méjì níbi tí ẹ ti kọ ọ́.

Ẹni tó ń lo Windows Faransé tó bá fẹ́ ka ọ̀rọ̀ láti inú fáìlì gbọ́dọ̀ kọ `open("oro.txt", encoding="utf-8")`. Bí ó bá gbàgbé apá ìkẹyìn yẹn, Windows á lo cp1252, àtẹ lẹ́tà àtijọ́ kan tí kò mọ ɛ rárá, á wá máa ké àṣìṣe tó ní charmap nínú.

Kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ gbá inú ilé

Ohun tó ń kó ìtìjú bá ènìyàn jù nínú ṣíṣí kóòdù ni ọ̀rọ̀ aṣínà tí a gbàgbé sínú fáìlì. Ẹ wá password, token, secret àti key nínú gbogbo fódà yín. Lórí Linux, `grep -rniE "password|token|secret|api_?key" .` á tò wọ́n jáde. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ gbé e lọ sínú fáìlì tí ẹ ó pè ní .env, kí ẹ sì kọ .env sínú .gitignore kí Git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn iṣẹ́, má baà kó o mọ́ ìyókù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí àwọn bá pa fáìlì náà rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e jáde, ó ti tán. Kò tán. Git ń tọ́jú gbogbo ìtàn iṣẹ́, ohun tó wà níbẹ̀ lánàá ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí wọ́n máa ṣọ́ GitHub, ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ti mú kọ́kọ́rọ́ náà kí ẹ tó mumi tán. Nítorí náà, bí ó bá ti jáde, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti fún yín ní kọ́kọ́rọ́ náà, ẹ pa á, ẹ gba òmíràn. Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó lè fi git filter-repo fọ ìtàn mọ́. Ẹni tó bá fọ ìtàn láìpààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló nù.

Ẹ wo àwọn fáìlì ìdánwò náà. Bí ẹ bá ti fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà dán ètò wò, ẹ yọ wọ́n kúrò, ẹ fi orúkọ àfinúrò rọ́pò. Benin ní òfin lórí èyí: òfin 2017-20 tó jáde ní oṣù kẹrin 2018, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Code du numérique, dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni.

Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ san owó oṣù fún yín láti ṣe, ẹ gba ìyọ̀ǹda wọn lórí ìwé kí ẹ tó gbé ohunkóhun jáde. Ẹni tó kọ kóòdù lè máà jẹ́ ẹni tó ni ín.

Ìwé àṣẹ: fáìlì tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé jù

Kóòdù tó wà ní gbangba láìní ìwé àṣẹ kò tíì ṣí. Àdéhùn Berne tí Benin wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó kọ ohun kan ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kọ ọ́, láìjẹ́ pé ó forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Nítorí náà, bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, ẹni tó rí iṣẹ́ yín lè kà á, ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti dà á kọ, tún un ṣe, tàbí pín in. Ilé-iṣẹ́ tó ní agbẹjọ́rò á rí i pé kò sí LICENSE, á sì yí ẹ̀yìn padà láìkí yín.

Mẹ́ta péré ló yẹ kí ẹ yẹ̀ wò. MIT kúrú, kò kún ojú ìwé kan: ẹ lè lò ó bó ṣe wù yín, kí ẹ ṣáà fi orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é sílẹ̀, kí ẹ má sì fi àṣìṣe rẹ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́. Apache 2.0 ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwárí (patent) kún un. GPL ní májẹ̀mú: ẹni tó bá tún un ṣe tó sì pín in fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fún wọn ní kóòdù tirẹ̀ náà, lábẹ́ àṣẹ kan náà. Fún ètò kékeré tí a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn kì bọ inú iṣẹ́ tiwọn, MIT la máa mú. Fún odidi ètò tí ẹ kò fẹ́ kí ẹnì kan gbé lọ, kí ó tún un ṣe, kí ó sì tì í pa, GPL ló tọ́.

Ẹ má kọ ìwé àṣẹ tiyín fúnra yín. Ẹ má sì kọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi gbowó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa iṣẹ́. Linus Torvalds fi irú òfin bẹ́ẹ̀ sára Linux nígbà tó kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1991. Ní 1992, ó yọ ọ́, ó sì fi GPL rọ́pò. Láti ìgbà yẹn ni àwọn tó ń ta dísíìkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ti lè gbé e káàkiri, Linux náà ló sì wà nídìí Android tó wà nínú àpò yín báyìí. Bí ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ọjà Kétu bá lè fi ètò yín rí ẹgbẹ̀rún sẹ́fà méjì lọ́jọ́ kan, òun ni yóò bá yín rí àṣìṣe inú rẹ̀, torí owó rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe: ẹ da odidi ọ̀rọ̀ MIT kọ sínú fáìlì LICENSE, ẹ fi ọdún àti orúkọ yín sí i. Lókè abidi.py, ẹ kọ `# SPDX-License-Identifier: MIT`. Bí ẹ bá ní àkójọ ọ̀rọ̀ nínú fódà náà, kóòdù kọ́ nìyẹn. CC0 tàbí CC BY, ìwé àṣẹ Creative Commons, ló yẹ ẹ́.

README: ìṣẹ́jú mẹ́wàá

A ní òdiwọ̀n kan tí a kì í yẹ̀: ẹni tí kò mọ̀ yín rí gbọ́dọ̀ lè mú kí ètò yín ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ pe ẹnì kan, ẹ gbé aago ka iwájú, ẹ fún un ní README, fáìlì àlàyé tí àlejò máa kọ́kọ́ kà, kí ẹ sì dákẹ́. Ibi tó bá ti bi yín ní ìbéèrè ni README ti kù. Ẹ má dá a lóhùn lẹ́nu, ẹ lọ kọ ìdáhùn náà síbẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: kí ni ètò yìí ń ṣe, ní gbólóhùn kan; àpẹẹrẹ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde; irú Python tí ẹ fi dán an wò; àwọn àṣẹ tí ènìyàn máa tẹ̀, tẹ̀ léra wọn; ohun tí ètò náà kò tíì lè ṣe; ìwé àṣẹ rẹ̀. Ohun tí kò tíì lè ṣe yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ láti ṣe, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ètò náà ti pé, kò sẹ́ni tó máa mú nǹkan kan wá.

Èdè wo ni ẹ ó fi kọ ọ́? Ní Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà fi Faransé kẹ́kọ̀ọ́. Ní Ìbàdàn, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ kọ README.md ní Yorùbá, ẹ ṣe README.fr.md àti README.en.md, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tọ́ka sí èkejì. Bí agbára yín kò bá ká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ṣe méjì, kí Yorùbá wà níbẹ̀. Ó yẹ kí iṣẹ́ tí a ṣe fún èdè yìí sọ èdè náà lẹ́nu ọ̀nà.

Gbígbé e jáde, àti bí a ṣe ń ṣe é nígbà tí dátà wọ́n

Git ni Torvalds kọ ní 2005 fún àwọn tó ń ṣe Linux. Ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà, ẹ wọ inú fódà abidi, kí ẹ sì tẹ:

```
git init
git add .
git status
git commit -m "Ìbẹ̀rẹ̀: láti ìkọ̀wé Nàìjíríà sí ti Benin"
git branch -M main
```

Bí Git bá ní òun kò mọ̀ yín, ẹ fi `git config --global user.name` àti `user.email` sọ fún un. Ẹ rántí pé ímeèlì tí ẹ bá kọ síbẹ̀ máa hàn sí gbogbo ayé títí láé. Ẹ fi èyí tí kò ní yọ yín lẹ́nu síbẹ̀. Ẹ má fo git status: ẹ ka orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó commit (ìyẹn, kí ẹ tó fi iṣẹ́ pamọ́ sínú ìtàn Git), torí ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí .env tó bá fẹ́ yọ́ jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àyè òfìfo kan lórí GitHub, GitLab tàbí Codeberg, ẹ da àdírẹ́sì SSH rẹ̀ kọ (SSH ni ọ̀nà ààbò tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà tó jìnnà sọ̀rọ̀), kí ẹ tẹ `git remote add origin`, ẹ lẹ àdírẹ́sì náà mọ́ ọn, kí ẹ sì tẹ `git push -u origin main`. Láti oṣù kẹjọ 2021 ni GitHub kò ti gba ọ̀rọ̀ aṣínà lásán mọ́ fún èyí. Ẹ fi `ssh-keygen -t ed25519` ṣe kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì lẹ apá tó parí sí .pub mọ́ àkáǹtì yín. Èyí tí kò ní .pub lẹ́yìn kò gbọdọ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín.

Kì í ṣe gbogbo wa ló ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dúró. Ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ ńlá láìjẹ dátà tán, kí ó tẹ `git clone --depth 1`: ìrísí tó kẹ́yìn nìkan ló máa wọlé, ìtàn rẹ̀ á dúró sẹ́yìn. Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí àwọn ènìyàn wa mọ̀ ju báyìí lọ, ìyẹn bundle:

```
git bundle create abidi.bundle --all
git bundle verify abidi.bundle
```

Odidi iṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo ìtàn rẹ̀ á di fáìlì kan ṣoṣo. Ẹ fi sórí USB, ẹ fún ẹni tó ń wọ mọ́tò lọ sí Ṣàbẹ́. Tó bá débẹ̀, `git clone abidi.bundle` ni wọ́n máa tẹ̀, wọ́n á sì máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe lọ́hùn-ún, ọ̀nà kan náà ni wọ́n á gbà fi ránṣẹ́ padà: ẹ̀yin á tẹ `git fetch`, orúkọ bundle tuntun náà àti orúkọ ẹ̀ka wọn, Git á sì mọ ohun tó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀. Fún Git, USB àti GitHub kò yàtọ̀ síra.

Nígbà tí àlejò bá dé

Níhìn-ín ni ohun tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe máa rí lórí ètò yìí gan-an, torí àwọn àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀ tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀.

Àkọ́kọ́: ẹnì kan fi gbólóhùn tó ní Porto-Novo nínú sí i, Kporto-Novo ló jáde. Ètò kò mọ̀ pé p inú orúkọ àjèjì kì í ṣe p tiwa. Kò sí bí ẹni tó kọ ètò náà ṣe lè tò gbogbo irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tán: Parakou, Pierre, Paul. Ẹ ṣe fáìlì kan, ayafi.txt, orúkọ kan lórí ìlà kan, kí ètò máa kà á kó sì fò wọ́n. Ẹ wò ó: láti ìgbà náà, ẹni tí kò mọ Python rárá, tó ṣáà mọ orúkọ àwọn ìlú àti àwọn ènìyàn, lè ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń wá ọ̀nà tí iṣẹ́ yín máa fi gbòòrò, ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣe nìyí: ẹ máa yọ ìmọ̀ èdè kúrò nínú kóòdù, ẹ fi sínú fáìlì lásán tí olùkọ́ tàbí àgbẹ̀ lè tún ṣe.

Èkejì: ÌPÀDÉ tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ sórí pátákó di ÌKpÀDÉ. Ẹni tó rí i lè fi ìlà díẹ̀ ránṣẹ́: bí `oro.isupper()` bá jẹ́ òótọ́ kí àyípadà tó bẹ̀rẹ̀, kí ètò sọ èsì di lẹ́tà ńlá pátá. Kí ẹ tó gbà á, ẹ béèrè ohun kan péré: kí ó fi ("ÌPÀDÉ", "ÌKPÀDÉ") kún idanwo.py. Àtúnṣe tí kò bá ní ìdánwò á padà bàjẹ́ lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kan ibẹ̀. Ẹ ó sì rí i pé isupper ń yẹ ohun tí wọ́n bá gbé fún un wò lódidi, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ pín gbólóhùn sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ̀kẹta le díẹ̀: bí ẹnì kan bá fi ọ̀rọ̀ tó ti wà ní ìkọ̀wé Benin sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kp á di kkp. A fi èyí sílẹ̀ fún yín.

Bí ènìyàn bá mú àtúnṣe wá, ẹ dá a lóhùn kíákíá, àní bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ sọ pé ẹ ti rí i, ẹ ó wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá kanlẹ̀kùn tí kò sẹ́ni tó dáhùn kì í padà wá. Bí ẹ kò bá ní gbà á, ẹ sọ ìdí rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá ṣe nǹkan sínú fáìlì kan, títí kan ẹni tó fi orúkọ ìlú mẹ́ta kún ayafi.txt.

Ṣùgbọ́n gbígba iṣẹ́ ọ̀tọ̀, gbígbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún ènìyàn ọ̀tọ̀. Ní oṣù kẹta 2024, Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣàkíyèsí pé wíwọlé pẹ̀lú SSH ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tọpa rẹ̀ dé inú xz, ohun èlò kékeré tó ń fún fáìlì pọ̀, ó sì bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan níbẹ̀, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí àjèjì lè gbà wọlé. Ẹni tó fi síbẹ̀, tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan, ti fi bí ọdún méjì ran olùtọ́jú xz tó ti rẹ̀ lọ́wọ́, títí wọ́n fi fún un láṣẹ. Inú àwọn fáìlì ìdánwò tí ojú ènìyàn kò lè kà ló fi apá kan rẹ̀ pamọ́ sí. Ohun tí a kọ́ níbẹ̀: ẹ má gba fáìlì tí ẹ kò lè ṣí kà tí ẹni tó mú un wá kò lè ṣàlàyé bó ṣe ṣe é, kí ẹ má sì jẹ́ kí àárẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láṣẹ lórí iṣẹ́ yín. Pé kóòdù náà wà ní gbangba ló sì jẹ́ kí Freund lè tọ ọ́ dé ìdí.

Bí ẹnì kan bá yà lọ

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á mú gbogbo iṣẹ́ yín, á sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bóyá kò fẹ́ kí p di kp rárá, ɛ àti ɔ nìkan ló ń fẹ́. Ó máa ń dun ènìyàn nígbà àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Àwọn tó yà kúrò lára OpenOffice ní 2010 ló ṣe LibreOffice tí púpọ̀ nínú wa ń lò lónìí. Nígbà tí Mozilla, àwọn tó ṣe Firefox, fi Firefox OS tí wọ́n ṣe fún fóònù sílẹ̀, kóòdù rẹ̀ kò kú. Orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ KaiOS lé, èyí tó wà nínú àwọn fóònù kékeré oníbọ́tìnì tí wọ́n ń tà káàkiri Áfíríkà. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ máa wo ohun tí ẹni tó yà lọ náà ń ṣe. Bí ó bá dára, ìwé àṣẹ fún ẹ̀yin náà láyè láti mú un padà wálé.

Kí ó lè rọrùn fún irú wọn, ẹ fi nọ́ńbà sí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé nǹkan jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti v0.1.0: `git tag -a v0.1.0 -m "Àkọ́jáde"`, lẹ́yìn náà `git push origin v0.1.0`. Àṣìṣe kékeré tí ẹ bá tún ṣe, nọ́ńbà ìkẹyìn ni ẹ ó sún. Bí si_benin bá ń dá ohun tó yàtọ̀ padà, ẹ sún ti àárín, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú CHANGELOG, fáìlì tí a ń to àyípadà sí, torí ẹni tó ti kọ́lé lé iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ mọ̀ kí àjà tó jìn mọ́ ọn lórí.

Padà sọ́dọ̀ Hunspell

Bí ayafi.txt bá ti ń gbòòrò, tí ẹ sì ti yí àkójọ ọ̀rọ̀ kan láti ìkọ̀wé Nàìjíríà sí ti Benin, ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìwé atúmọ̀ fún LibreOffice àti Firefox. Fáìlì méjì péré ló kù. yo_BJ.dic ni ti ọ̀rọ̀: ìlà àkọ́kọ́ ni iye ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan lórí ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà. yo_BJ.aff ni ti òfin:

```
SET UTF-8
MAP 2
MAP eɛẹ
MAP oɔọ
```

Bí ẹ bá gbàgbé SET UTF-8, Hunspell á rò pé ISO8859-1 ni, gbogbo ɛ á sì dàrú. Àwọn ìlà MAP ń sọ fún un pé e, ɛ àti ẹ sún mọ́ra, kí ẹni tó tẹ eshin láìsí àmì tàbí tó kọ ẹshin lè rí ɛshin nínú ohun tí ètò dábàá. Ẹ fi fáìlì méjèèjì sínú fódà abidi, ẹ commit wọn, kí ẹ sì kọ sínú README pé àkójọ ọ̀rọ̀ náà kò tíì ní orúkọ ẹja, ewé àti èlò iṣẹ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é ní Kétu, Ṣàbẹ́, Ìfànyìn àti Sákété.